Bí Mo Ṣe Tẹ̀lé Ẹ̀jẹ̀ Ajá Ìsọlọ̀ Dé Ilẹ̀ Hólàńdì

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé, ara mi sì le. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, ní ojú pópó Ìsọlọ̀ àti ní ìsọ̀ ìyá mi l'Óṣòdì: ṣé òótọ́ ni pé òyìnbó ń mú ajá wọ ọkọ̀ ojú irin? Òótọ́ ni. Wọ́n tilẹ̀ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ó yá, mo ti dáhùn ìyẹn, ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ tó ní láárí. Ẹni tó bá sì ń retí kí n ròyìn físà àti bàálù, kó yáa wá nǹkan mìíràn ṣe, torí gbogbo ìyẹn ò kọjá títò sórí ìlà.

Rìsíkátù ni orúkọ mi. Dókítà ẹranko ni mí, ajá ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń tọ́jú n'Ísọlọ̀. Ìyá mi, tó ń ta àwo tánganran l'Óṣòdì, kò tíì gbà títí dòní pé iṣẹ́ nìyẹn fún ọmọ Mùsùlùmí. Bí mo bá yọ sí i lọ́ọ̀ọ́kán, kò ní sọ pé "káàbọ̀", "Lọ fọwọ́" ni kíkí tèmi. Mi ò bá a jà. Mo máa ń fọ̀ ọ́.

Ajá tó sọ mí di arìnrìn-àjò ń jẹ́ Pírínsípà. Màmá Tíṣà ló ni ín, ìyá àgbà ọmọ Èkìtì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń gbé n'Ísọlọ̀. Ó ní òun sọ ọ́ ní Pírínsípà nítorí pé tó bá ti gbó lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àdúgbò a pa rọ́rọ́. Ọkọ Màmá ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká, Pírínsípà nìkan ló kù tí wọ́n jọ ń jí, tí wọ́n jọ ń sùn. Kí n tó lọ ni a rí kókó kan nínú ikùn ajá náà. Irú kókó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì lásán, àwòrán síkáànì kì í sì í sábà lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Ó gbọ́ ọ tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Dókítà, tí kì í bá ṣe jẹjẹrẹ, ẹ là á, ẹ yọ ọ́. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ jẹ́ kó lo ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù nílé. Ẹ ṣáà bá mi mọ èyí tó jẹ́."

Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwádìí kan wà nílẹ̀ Hólàńdì tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti fi ẹ̀jẹ̀ nìkan mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n wá kọ́ ọ, kí n sì fi ẹ̀jẹ̀ ajá ilé wa ránṣẹ́, torí ajá tiwọn nìkan ni wọ́n ti yẹ̀ wò. Mo fa ẹ̀jẹ̀ ajá láti Ìsọlọ̀ títí dé Bọ́ládé, ti Pírínsípà sì wà nínú rẹ̀. Mo kìlọ̀ fún gbogbo olówó ajá pé láti ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n má ṣe fún un ní nǹkan kan jẹ títí n ó fi dé láàárọ̀. Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà ṣáájú mi lọ nínú yìnyín, èmi sì tẹ̀lé e.

Ìlú tí wọn kì í kíni

Òtútù ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà mí kí n tó lọ. Irọ́ ni. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni kí wọ́n fi dẹ́rù bà mí. Bọ́ládé ni wọ́n bí mi sí. Ariwo ọkọ̀ ojú irin àti ti àwọn tó ń polówó ọjà ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ní Hólàńdì, ilẹ̀ á mọ́, ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún ọ.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo wọ ọkọ̀, mo kí gbogbo èrò ọkọ̀ bí a ṣe ń kí ara wa. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Obìnrin kan gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo rí i pé ajá tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn mi ló ń rẹ́rìn-ín sí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí i, ó bi í bóyá ó sùn dáadáa. Èmi tí mo dúró síbẹ̀ bí òpó iná ńkọ́? Mo bínú lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n kí n má bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Nígbà tí mo sọnù lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú òjò wínníwínní títí ó fi mú mi dé ẹnu ọ̀nà tí mò ń lọ. Nígbà tí mo tún pàdé rẹ̀, mo ní ẹ ṣé àná o. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá, ṣé kò sí o? Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé níbi tí mo ti wá, oore kì í tán lọ́jọ́ tí a ṣe é. Ó rò ó títí, ó ní ìyẹn á máa gba àsìkò púpọ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀mí wọn dáa, ẹnu wọn ni kò yá.

Wílmà àti Tèó

Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Wílmà ló gbà mí sílé. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó bu kọfí fún mi, ó ṣí agolo bisikíìtì, mo mú ẹyọ kan, ó sì dé agolo náà pa. Mo rò pé ó gbàgbé ni. Àṣé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe, ẹyọ kan ni ẹyọ kan ń jẹ́. Lọ́sàn-án, búrẹ́dì àti wàràkàṣì ni. Odindi ọkùnrin onírùngbọ̀n á bu ṣokoléètì wẹ́wẹ́ wọ́n orí búrẹ́dì bíi ti ọmọ jélé-ó-sinmi, á sì jẹ ẹ́ láìtijú. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀dùnkún tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́, kò sí ata, kò sí ohun tó jọ ọ́. Mo yọ ata gígún tí ìyá mi dì fún mi. Wílmà tọ́ ọ wò, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún bu sí i. Ọjọ́ yẹn la di ọ̀rẹ́.

Wílmà ní ajá arúgbó kan tó ń jẹ́ Tèó. Tí a bá jẹun tán, Tèó ló máa ń kọ́kọ́ lá àwo kí Wílmà tó fọ̀ ọ́. Ojú ìyá mi ni mo rí lórí àwo náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mo ti lọ ra àwo tèmi.

Mo ti ń gbádùn Tèó nígbà tí àìsàn gbé e ṣánlẹ̀. Jẹjẹrẹ ni tirẹ̀ náà, wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Wílmà ò fọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá. Ó pe dókítà wá sílé, ó pe àwọn aládùúgbò, ó sì ṣe kéèkì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, gbogbo wa jókòó nínú pálọ̀, Tèó gbórí lé ẹsẹ̀ olówó rẹ̀, dókítà sì fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jí lẹ́yìn rẹ̀. Wílmà sunkún. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gé kéèkì fún wa.

"Mi ò fẹ́ kí ìrora wá bá a nílé," ló sọ fún mi.

Mo gbé kéèkì tèmi sílẹ̀ láìjẹ ẹ́. Kì í ṣe pé mi ò rí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n n'Ísọlọ̀, olówó ajá á sá jáde, tàbí kó sọ pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, ká fi í sílẹ̀. Mo jókòó, mò ń ro Màmá Tíṣà. Mo bi ara mi pé èwo ni ìfẹ́ nínú méjèèjì.

Àpò wínníwínní

Líìsì ni ọ̀gá ilé-ìwádìí náà, obìnrin tí kì í pariwo, tí kì í sì í yára gba nǹkan gbọ́. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ara, ti ajá tàbí ti èèyàn, ló máa ń ju àpò wínníwínní sínú ẹ̀jẹ̀. Àpò náà kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i láé. Èmi rò ó sí ti àdúgbò wa: ilé kọ̀ọ̀kan ń di pàǹtí rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, ó ń gbé e síta. Ẹni tó bá tú láílọ́ọ̀nù náà wò á mọ ohun tí wọ́n sè nínú ilé láìkanlẹ̀kùn. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sábà máa ń ju tirẹ̀ síta ju ti àwọn tó kù lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì yàtọ̀. Tí a bá mọ̀ ọ́n kà dáadáa, bóyá a ò ní nílò ọ̀bẹ ká tó mọ ohun tó wà nínú ikùn ajá. Líìsì ò jẹ́ kí n gbójú fo "bóyá" yẹn dá. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé iṣẹ́ náà ṣì ń lọ lọ́wọ́, kò tíì di ohun tí a lè gbára lé tán.

Ó wá kan ẹ̀jẹ̀ Pírínsípà. Líìsì gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ka àpò náà, ojú ẹ̀rọ sì kún fọ́fọ́, bí kòkòrò ṣe ń ṣù bo gílóòbù lẹ́yìn òjò. Mo ti rí ti àwọn ajá tó ní jẹjẹrẹ. Wọn ò tó báyìí. Mo jókòó, mo mú fóònù láti pe Màmá pé kó má retí iṣẹ́ abẹ.

"Dúró ná," ni Líìsì wí. "Jẹ́ ká wo àwọn tó kù."

A wo àwọn tó kù. Gbogbo wọn ló kún bákan náà, títí kan ti ajá kékeré kan ní Bọ́ládé tí kò ṣàìsàn rí, tí mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí a lè fi ṣe àfiwé.

"Ṣé gbogbo ajá Èkó ló ní jẹjẹrẹ ni?" ni Líìsì bi mí.

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ó gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ Pírínsípà sí iwájú iná. Omi ẹ̀jẹ̀ tó lé sókè, èyí tó yẹ kó mọ́ gaara, ti funfun bí omidùn ògì. Kí n sòótọ́, mo ti rí ìfunfun yẹn nílé. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀, ohun tó bá sì ti kárí, èèyàn a máa rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo rò pé bí ẹ̀jẹ̀ ajá tiwa ṣe rí ni.

"Ọ̀rá oúnjẹ nìyí," ni Líìsì wí. "Òun náà kéré bí àpò, ẹ̀rọ yìí ò sì mọ ìyàtọ̀. Ṣé wọ́n jẹun?"

"Wọn ò jẹun. Mo sọ fún olúkúlùkù olówó wọn."

"O sọ fún wọn. Ṣé o sọ ìdí rẹ̀?"

Mo mú fóònù, mo jáde síta.

Ẹ mọ Màmá Tíṣà, a ní láti kí ara wa tán ná. Ó bi mí nípa òtútù, ó bi mí nípa oúnjẹ, ó ní kí n bá òun kí Wílmà kú ọ̀fọ̀ ajá. Lẹ́yìn náà ni mo tó bi í.

"Màmá, lọ́jọ́ tí mo wá fa ẹ̀jẹ̀ Pírínsípà, ṣé ó jẹun?"

"Oúnjẹ kẹ̀? Ẹ ní kí n má fún un, mi ò fún un."

"Kò fẹnu kan nǹkan kan rárá?"

"Mọ́ọ̀tì nìkan ni. Mọ́ọ̀tì àti mílíkì."

"Ha, Màmá!"

"Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ, Dókítà. Ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́ fà lára ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ fi padà? Mo kàn po ẹyin mọ́ ọn kó lè lágbára. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́, ká má tíì sọ ti abẹ́rẹ́."

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dá mi lóhùn: ta ni nínú wa tó fún èèyàn lẹ́jẹ̀ rí ní ọsibítù tí wọn ò gbé mọ́ọ̀tì àti mílíkì lé lọ́wọ́? Mo pe àwọn tó kù. Ẹnì kan ní ẹja díndín ló fún tirẹ̀, ẹnì kan ní àkàrà ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tó gbà pé òun fún ajá lóúnjẹ. Wọ́n ṣàánú ẹ̀ ni.

Màmá ò tíì tán pẹ̀lú mi. "Àti pé ẹ ò sọ pé ààwẹ̀ ni. Ẹ ní kí n febi pa ajá tó ń ṣàìsàn. Ta ló ń ṣe irú ẹ̀?" Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀jẹ̀ náà wí? Ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"A ò mọ̀, Màmá. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ò lè sọ nǹkan kan fún wa mọ́."

Lẹ́yìn Màmá, Pírínsípà gbó lẹ́ẹ̀kan, gbogbo nǹkan sì pa rọ́rọ́.

Líìsì ò bá mi wí. Ó da gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà nù, ó ní kí n lọ sílé, kí n tún un fà, kí n fi ránṣẹ́ kíá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, Wílmà fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ó wá fi ohùn rẹ̀ tó le yẹn sọ ọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ: "Ẹ ṣé àná."

Ààwẹ̀

Mo rántí pé mo ti délé nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ l'Óṣòdì, tí obìnrin tó ń ta bàtà, tí mi ò mọ̀ rí, rí báàgì mi tó ní, "Àǹtí, ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ewu ọ̀nà." Omi bọ́ lójú mi láàárín èrò. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ilé Màmá ni mo lọ lọ́jọ́ kejì. Pírínsípà ti rù, ṣùgbọ́n ó jùrù sí mi. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀rá fún Màmá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí mi ò ṣe ṣàlàyé ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo sì ní, "Màmá, Pírínsípà máa gbààwẹ̀ mọ́jú ọ̀la."

"Mo máa bá a gbà á," ló wí.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀, Bíbélì wà lórí itan Màmá, ajá dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì fẹnu kan omi ọbẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Omi ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ gaara. Mo fi í ránṣẹ́, a wá ń retí.

Kókó náà ò retí pẹ̀lú wa. Kí èsì tó dé, ó bẹ́ sínú ikùn Pírínsípà. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnu rẹ̀ ti funfun, kò lè dìde. Bí a ò bá là á lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó máa kú. Kókó tó jẹ́ jẹjẹrẹ máa ń bẹ́, èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ náà máa ń bẹ́. Màmá dì mí lápá mú.

"Kí lẹ rò, Dókítà?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

Ó wo ajá náà títí. "Nígbà tí a ò mọ̀, ẹ là á."

Mo là á. Kókó náà nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ó ti ta sí ẹ̀dọ̀ káàkiri. Mo dúró pẹ̀lú ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀, mo rántí pálọ̀ Wílmà. Abẹ́rẹ́ kan péré ló kù tí Pírínsípà ò fi ní mọ ìrora mọ́. Mo jáde lọ bá Màmá.

"Màmá, jẹjẹrẹ ni."

Ó di ìbòrí rẹ̀ le. "Ṣé ó ṣì lè jí?"

"Ó lè jí. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ lọ títí."

"Ẹ jí i. Mi ò tíì dágbére fún un."

Pírínsípà jí. Egbò tí Màmá bẹ̀ mí pé kí n má dá sí i lára náà ló gbé lọ sílé. Ó lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lórí fàráńdà, egbò náà sì ń dùn ún, mi ò ní bò ó. Ó kú lọ́sàn-án, orí rẹ̀ wà lórí bàtà Màmá.

Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Líìsì tó dé. Ẹ̀jẹ̀ tó gbààwẹ̀ yẹn kún, kì í sì í ṣe ọ̀rá ló kún un, àpò wínníwínní ni. Ó fi kún un, bí ìṣe rẹ̀, pé ajá kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Mo lọ sọ fún Màmá. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n jókòó.

"Dókítà, ẹ má purọ́ fún mi. Ká ní mi ò po mọ́ọ̀tì yẹn fún un lákọ̀ọ́kọ́, ṣé a ò bá ti mọ̀ kí ẹ tó là á?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi, irọ́ tó dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún á mọ irọ́ tó bá gbọ́ ọ.

"Ó ṣeé ṣe ká ti mọ̀, Màmá."

Ó bo ojú rẹ̀, ó sunkún, èmi náà sunkún. Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé kò ní fẹ́ rí mi mọ́.

Lọ́jọ́ tí a tún fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá mìíràn fún iṣẹ́ yìí, mo dé ibi iṣẹ́, mo bá Màmá Tíṣà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì, aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa lọ́rùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é. Ẹnikẹ́ni tó bá mú ajá dé, á dá a dúró: "Ṣé ó gbààwẹ̀?" Ọkùnrin kan láti Bọ́ládé fa ajá rẹ̀ wọlé, ó ní, "Ó gbà á, Màmá. Ó kàn lá ẹ̀kọ díẹ̀ láàárọ̀ yìí ni. Àánú ẹ̀ ló ṣe mí."

Mo ti la ẹnu láti pariwo mọ́ ọn. Màmá gbé ọwọ́ sókè sí mi, ó sì na èkejì sí orí ajá náà, ó ń fọwọ́ pa á lórí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ló wí fún ọkùnrin náà. "Ìfẹ́ ni. Máa mú un lọ sílé, kó gbààwẹ̀, kóo tún mú un wá lọ́la."